Aláìsàn Mọ́kànlá Tí Kò Ṣàìsàn Rí

Ẹ bá mi wo nǹkan! Obìnrin kan wà tó fi ọdún méjìlélógún jókòó sójú kan ṣoṣo, tó ń kọ àìsàn ẹlòmíì sórí káàdì, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un rí pé ohun báyìí la fi àwọn káàdì náà ṣe. Ìyá Fáìlì ni gbogbo ilé ìwádìí ń pè é. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ tiẹ̀ rò pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn tí wárápá ń ṣe máa ń kọ́kọ́ yà sí. Á bi wọ́n ní ọjọ́ orí, á ní kí wọ́n gun òṣùwọ̀n, á bi wọ́n pé ẹ̀ẹ̀melòó ló gbé wọn ṣubú lóṣù yẹn, hóró oògùn mélòó ni wọ́n ń lò lóòjọ́, ṣé wọ́n ń sùn, ṣé ọwọ́ ń gbọ̀n. Gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára débi pé àwọn dókítà, tí tiwọn dà bí ibi tí adìyẹ ti tanlẹ̀, máa ń jowú rẹ̀.

Yàrá rẹ̀ kò fẹ̀ ju kí ènìyàn na apá méjèèjì lọ. Tábìlì kan, àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú tó fi páálí tẹ́ lábẹ́, fèrèsé kan tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ àwọn aláìsàn. Lẹ́yìn àga rẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan wà tó ga kan àjà. Àgádágodo mẹ́ta ló wà lẹ́nu rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sí lọ́wọ́ Ìyá Fáìlì o. Ọrùn ọ̀gá ni wọ́n ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí díẹ̀, torí bí n ò bá sọ ọ́, inú mi á bẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Òun ló dá ìwádìí wárápá náà sílẹ̀, orí rẹ̀ sì pé, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ahun ni. Kì í ṣe ahun oúnjẹ o, ó lè yọ ẹran ẹnu rẹ̀ fún ọ. Ahun ìmọ̀ ni. Okùn dúdú kan ló fi so kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta náà kọ́rùn, tó bá ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́n á máa dún woroworo, àwọn nọ́ọ̀sì á ní, "Oníkọ́kọ́rọ́ ti ń bọ̀." Orúkọ yẹn ló mọ́ ọn lára.

Bí oníwàádìí kan bá wá láti ibòmíì tó ní òun fẹ́ wo káàdì, Oníkọ́kọ́rọ́ kò ní kọ̀. Á ní, "Ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀." Á ṣí àgádágodo mẹ́ta, á yọ káàdì kan, á gbé e sókè bí ẹni tó ń fi fọ́tò àfẹ́sọ́nà rẹ̀ hàn, á ka ení dé àrún sínú, á dá a padà. Wíwò ló gbà wọ́n láyè, kò ní kíkọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan wá nígbà kan tí orí rẹ̀ mú bí abẹ. Ó wò ó, ó há a sórí, ló bá sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Oníkọ́kọ́rọ́ gbọ́. Láti ọjọ́ náà, àlejò tó bá ń jáde gbọ́dọ̀ na ọwọ́ síwájú, ká wo inú, ká wo ẹ̀yìn. Ta ló sì ń wò ó? Ìyá Fáìlì ni! Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ó ń yẹ ọwọ́ dókítà wò bí olùkọ́ tó ń wo èékánná ọmọ iléèwé.

Ojú ń tì í. Lọ́jọ́ kan, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, bí àwọn èèyàn yìí bá rí i, kí ló máa dín lára yín?"

"O ò mọ̀ wọ́n. Olè ni gbogbo wọn. Èmi dáko, kí wọ́n wá bá mi kórè?"

"Ẹ̀yin náà ò tíì kórè, sà. Ó ti pé ọdún mẹ́wàá."

Oníkọ́kọ́rọ́ fajú ro. Ìwé ńlá kan ló ń kọ, tó bá parí gbogbo ayé á gbọ́ nípa rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá rèé, ìwé ńlá ṣì wà ní orí kìíní.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló wọlé tó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Fáìlì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn, torí ọ̀gá rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín lọ́fẹ̀ẹ́.

"A máa dẹ pàkúté," ó ní. "Wá aláìsàn mọ́kànlá fún mi."

"Níbo ni kí n ti rí wọn, sà?"

"Nínú orí rẹ. Wọn ò gbọdọ̀ wà láyé. Kọ ọ́ pé wọ́n lo ìlọ́po mẹ́ta oògùn, hóró mẹ́fà dípò méjì, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n. Ẹni tó bá jí káàdì wa, tó lọ tẹ̀ ẹ́ síwèé pé ènìyàn lo hóró mẹ́fà tó ń rìn fàlàlà kiri, ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ nìyẹn!"

Ẹ ò rí i pé orí yẹn ń ṣiṣẹ́? Ó kàn jẹ́ pé ibi tí kò yẹ ló ń gbé e lọ.

A ò sì ní gbè sẹ́yìn Ìyá Fáìlì ká wá pa irọ́ fún un. Kò kọ̀. Ó yẹ kó kọ̀, kò kọ̀, ó tún gbádùn rẹ̀. Ó kọ́kọ́ jókòó ti káàdì funfun, kò rí nǹkan kan kọ, torí ènìyàn tí kò sí ò rọrùn ún dá. Ló bá wo ara bùláòsì tó wọ̀. Télọ̀ kan ló rán an, apá òsì gùn ju tọ̀tún lọ, télọ̀ náà sì bú u nígbà tó lọ ráhùn. Ìyá Fáìlì rẹ́rìn-ín, ó mú bírò. Aláìsàn kìíní: ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, iṣẹ́ aṣọ rírán, ó sanra, ó ní àmì gígé lórí imú. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀nà là? Ẹnì kejì ni lánlọ́ọ̀dù tó já wáyà iná wọn. Ẹnì kẹta ni àbúrò ọkọ rẹ̀ tó wá kí wọn fún ọ̀sẹ̀ kan tó lo oṣù méje. Ẹnì kẹrin ni ìyá ọkọ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn gba káàdì tán ojú àti ẹ̀yìn. Bó ṣe ń rò wọ́n ló ń fún wọn ní wárápá lọ, títí ó fi ku ẹnì kan. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ rẹ̀ gbàgbé ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó di mọ́kànlá.

Kó má baà gbàgbé ẹni tó fi sí i, ó kọ orúkọ wọn sẹ́yìn ìwé pélébé kan tó ń gbé sínú báàgì, pẹ̀lú ọjọ́ orí, gíga àti ẹ̀ṣẹ̀ oníkálukú. Ó lóun ń fi pa ara òun lẹ́rìn-ín ni.

Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn onísáyẹ́ǹsì àgbáyé wá fìmọ̀ ṣọ̀kan pé kò dáa kí oníkálukú máa jókòó ti ohun tó mọ̀ nípa àìsàn. Wọ́n kọ́ àká kan sórí kọ̀ǹpútà, àká àpapọ̀, tí ẹnikẹ́ni lè kó àkọsílẹ̀ ìwádìí rẹ̀ sí, kí dókítà níbikíbi lè lò ó. Wọn ò fi orúkọ aláìsàn síbẹ̀, àmọ́ gbogbo ìyókù wà níbẹ̀. Oníkọ́kọ́rọ́ fi wọ́n ṣẹ̀sín fún ọdún mẹ́ta gbáko. Àfìgbà tí ipò olórí gbogbo ilé ìwádìí ṣófo, tí àwọn aláṣẹ sì sọ pé ẹni tí kò bá kó nǹkan sí àká, kó má wulẹ̀ bèèrè ipò náà.

Háà, ẹ wá wo ìlawọ́! Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọkùnrin yìí ti ń sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ìmọ̀ tí a kò pín, òkú ni. Ó ní kí Ìyá Fáìlì tẹ gbogbo káàdì sínú kọ̀ǹpútà, ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì aláìsàn. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi wú. Nígbà tó dé ibi kan, ó lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

"Sà, àwọn mọ́kànlá yẹn ńkọ́? Ṣé kí n yọ wọ́n?"

"Fi wọ́n síbẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe pé à ń pín in ni?"

"À ń pín in. Àmọ́ olè ò tíì tán láyé."

Ìyá Fáìlì mi orí. Ó ní ṣebí ọ̀gá ló lọ̀rọ̀, òun kò ju akọ̀wé lọ. Ó fi wọ́n síbẹ̀. Oníkọ́kọ́rọ́ di olórí, wọ́n yà á ní fọ́tò, ó sọ̀rọ̀ nípa ìlawọ́ fún odindi wákàtí kan, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta sì ń dún lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọdún méjì kọjá. Ọmọ àbúrò Ìyá Fáìlì kan wà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Wárápá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e láti ìgbà tó ti wà ní ọdún mẹ́rìnlá. Hóró méjì ló ń lò lóòjọ́, ó sì fara rọ díẹ̀, àmọ́ lọ́dún yìí ó tún gbóná padà, ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Lọ́jọ́ kan ó gbé e nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gba àárín èékánná rẹ̀ kọjá sí òdìkejì. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ní òun fẹ́ràn ọmọ náà, àmọ́ tó bá tún ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù òun lẹ́ẹ̀kan sí i, kó máa lọ sílé, òun ò fẹ́ kó kú sí òun lọ́wọ́.

"Wọ́n fẹ́ kí n gba fìrídọ̀ọ̀mù kí n tó kọ́ṣẹ́ tán," Abẹ́rẹ́ ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún.

Ìyá Fáìlì mú un, òun àti ìyá rẹ̀, lọ sọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan tó ń tọ́jú wárápá nínú ọgbà ilé ìwádìí kan náà. Dókítà yìí kò tíì pé ọdún kan níbẹ̀, kò mọ ẹnikẹ́ni. Ó wo ọmọ náà, ó wo ìka rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dán.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ìlànà tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. A lè gbé e láti hóró méjì lọ sí mẹ́fà."

"Mẹ́fà?" ìyá Abẹ́rẹ́ ní. "Ṣé kò ní pa á?"

"Mo mọ̀ pé ó jọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọ́n ti wò ó nínú àká àpapọ̀. Ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló tíì lo mẹ́fà rí. Mẹ́rin nínú wọn, ó dà wọ́n láàmú, wọ́n sùn fún ọjọ́ mẹ́ta wọn ò jí. Àmọ́ mọ́kànlá, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Mọ́kànlá sì ju mẹ́rin lọ."

Kì í ṣe hóró mẹ́fà ló já Ìyá Fáìlì láyà o, iye yẹn ni, mọ́kànlá.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fojú kan àwọn mọ́kànlá yẹn."

Dókítà yí kọ̀ǹpútà sí i. Ìyá Fáìlì fi gíláàsì sójú, ó sún mọ́ ọn. Obìnrin, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó ga, eyín iwájú kan ti yọ, ó máa ń fi ẹsẹ̀ òsì tiro tí wọ́n bá ní kó ṣiṣẹ́. Ó lo ìlọ́po mẹ́ta. Kò sí ìyọnu. Oúnjẹ ń wọlé dáadáa.

"Yéè!" Ìyá Fáìlì pariwo. "Ìyá ọkọ mi rèé!"

"Ẹ kú oríire, mà," dókítà ní. "Ṣé wọ́n ti gbádùn?"

"Kò ṣàìsàn rí! Wárápá kọ́, ẹnu ló ń ṣe é!" Ó nawọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e. "Lánlọ́ọ̀dù wa àtijọ́ nìyí. Télọ̀ mi nìyí, ẹ ò rí imú rẹ̀? Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yẹn, ọkọ mi ni."

Dókítà wo ìyá Abẹ́rẹ́ bí ẹni tó fẹ́ béèrè pé ṣé ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n yín ti ń ṣe báyìí. Ìyá Fáìlì tú báàgì, ó fa ìwé pélébé náà yọ, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sórí tábìlì. Mọ́kànlá níbẹ̀, mọ́kànlá nínú kọ̀ǹpútà, ọjọ́ orí wọn bára mu, gíga wọn bára mu. Dókítà kà á dé ìdajì, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ló sọ̀rọ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ èsì. "Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fi ìjà ẹ̀yin àti ìyá ọkọ yín sínú oògùn ọmọ mi?"

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ayé: mẹ́rin tó wà láyé pariwo pé oògùn yìí le o, mọ́kànlá tí kò sí ní kò sí nǹkan kan, àwọn tí kò sí ló fi ìbò borí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Wọn ò sọ fún wa ẹni tí irọ́ yẹn máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí òtítọ́ tó dé.

Dókítà ní ìwé gbọ́dọ̀ lọ sí àká kíákíá, torí hóró mẹ́fà yìí, kì í ṣe Abẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n máa fún. Ìyá Fáìlì mọ̀ pé orúkọ òun ló wà nídìí gbogbo káàdì mọ́kànlá, ó sì ku oṣù márùn-ún kó fẹ̀yìntì. Síbẹ̀ ó ní kò ní dáa kí ọ̀gá òun gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ó gun àtẹ̀gùn lọ bá a.

Oníkọ́kọ́rọ́ gbọ́ ọ tán, ó sinmi ẹ̀yìn mọ́ àga. "Pàkúté wo? Ọwọ́ ta ló wà lórí káàdì?"

"Ọwọ́ mi ni, sà. Àṣẹ yín ni."

"Níbo ni mo ti kọ àṣẹ náà sí?"

Ìyá Fáìlì wò ó. Ọdún méjìlélógún. "Ọmọ àbúrò mi ni wọ́n fẹ́ fún ní hóró mẹ́fà, sà."

"Ní kí wọ́n má fún un, ó parí. Kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́."

"Ọmọ ẹlòmíì ńkọ́?"

Ó gbé fáìlì kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Fáìlì náà dorí kodò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Fáìlì sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí àga ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, ó kọ ọ́ látòkèdélẹ̀: ẹni tó rán an, ohun tó kọ, ẹni tó fi sí i, ìdí tó fi fi sí i. Ọwọ́ rẹ̀ dára bó ṣe máa ń dára, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àká. Kò tíì pé ọjọ́ méjì tí kúẹ́rì, ìwé tó ní kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀, fi bá a lórí tábìlì. Lọ́jọ́ kẹfà, ìgbìmọ̀ ènìyàn márùn-ún pè wọ́n, àwọn aláṣẹ láti ìta, ìyá àgbà onírun funfun kan ni alága wọn.

Oníkọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ó dun òun púpọ̀. Ó ní akọ̀wé ni Ìyá Fáìlì, kò kàwé púpọ̀, wàhálà ìdílé ló dà á lórí rú, òun sì ti dárí jì í. Ẹ gbọ́ ná, ó ti dárí jì í! Wọ́n ní kí Ìyá Fáìlì náà sọ tirẹ̀. Ó ka ìwé pélébé náà fún wọn, orúkọ àti ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tó dé orí àbúrò ọkọ tó lo oṣù méje, ọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Alága nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa," alága ní. "A ti rí mọ́kànlá. A máa yọ wọ́n. Ó ku ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àwọn dókítà ṣì fẹ́ fi wọ́n tọ́jú ènìyàn." Ó ti bébà kan sí iwájú Oníkọ́kọ́rọ́. "Ẹ bá wa fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni gbogbo ìyókù, ká lè lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni. Oníkọ́kọ́rọ́ mú bírò. Ó gbé e lé bébà, ó gbé e kúrò. Ó nu iwájú orí. Ó tún gbé e lé e. Kọ́kọ́rọ́ dún lọ́rùn rẹ̀, ó fọwọ́ mú un kó má dún mọ́.

"Ọ̀gá, ṣé bírò náà ò yọ ni?" alága bi í.

"Ọjọ́ Sátidé," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ọjọ́ Sátidé, èmi nìkan ni mo máa ń rí àwọn aláìsàn. Èmi ni mo máa ń kọ káàdì wọn. Mo... mo fi díẹ̀ kún un."

"Díẹ̀ kí ni?"

"Àwọn tí kò sí. Tó bá jẹ́ pé akọ̀wé ló ń ta káàdì síta, màá mọ̀. Òun mọ mọ́kànlá tirẹ̀. Kò mọ tèmi."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó mà ju èje lọ o. Ìyá Fáìlì dìde dúró láìmọ̀. Ẹni tó yẹ ọwọ́ gbogbo àlejò wò nítorí ọkùnrin yìí! Òun alára ni pàkúté wà fún!

"Èmi, sà?" ó ní. "Èmi lẹ dẹ ẹ́ dè?"

Oníkọ́kọ́rọ́ kò wojú rẹ̀. Alága ní, "Mélòó ni?"

"Mi ò rántí."

"Èwo ni?"

"Ó ti pẹ́. Mi ò rántí."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́ nínú yàrá yẹn. Ọdún méjìlélógún, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà, ìyá tó pọnmọ wá nínú òjò wá dáhùn ìbéèrè, gbogbo rẹ̀ ti pa pọ̀ mọ́ irọ́, bí ìrẹsì tí ẹnì kan da yanrìn sí. Ó tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ olè títí, kò sí ohun tí olè máa jí mọ́.

Dókítà onígíláàsì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Òun ló sọ ohun tó burú jù. Ó ní àwọn mẹ́rin tó sùn fún ọjọ́ mẹ́ta yẹn, òun ti wò ó, káàdì Sátidé ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Tí wọ́n bá jẹ́ òótọ́, mo mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ dé mẹ́fà. Tí wọ́n bá jẹ́ irọ́, mi ò mọ nǹkan kan rárá. Abẹ́rẹ́ sì tún ṣubú lánàá."

Ìyá Fáìlì na ọwọ́ sí ọ̀gá rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ lókè. "Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Oníkọ́kọ́rọ́ wo alága, alága mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ okùn náà. Okùn kọ́ etí rẹ̀, ó fà á, fìlà ṣubú, okùn há mọ́ àgbọ̀n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó bọ́, ọrùn rẹ̀ ní ilà dúdú yíká.

Ìyá Fáìlì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà fúnra rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó yọ káàdì mẹ́rin. Òun, dókítà, àbúrò rẹ̀ àti Abẹ́rẹ́ há ara wọn mọ́ yàrá kótópó náà, Abẹ́rẹ́ jókòó sórí tábìlì, ìka rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Nọ́ńbà fóònù wà lórí káàdì kọ̀ọ̀kan. Ó gbé fóònù sí sípíkà, ó tẹ ti kìíní. Wọ́n ní nọ́ńbà yẹn kò sí. Ó tẹ ìkejì. Ọkùnrin kan gbé e, táyà ló ń tà, ó ní ó ti pé ọdún méjìlá tí òun ti ń lo nọ́ńbà yẹn, kò sí oníwárápá nílé àwọn, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ ra táyà? Ìkẹta dún títí, kò sí ẹni tó gbé e.

"Mọ́mì àgbà," Abẹ́rẹ́ ní, "ó jọ pé ẹ̀yin àti ọ̀gá yín lẹ dá ìlú kan sílẹ̀ tí kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀."

Kò bínú. Òótọ́ lọmọ sọ. Ó tẹ ìkẹrin.

"Hẹ́lò?" Ohùn obìnrin, ohùn àgbàlagbà díẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Láti ilé ìwádìí wárápá ni. Ẹ máà bínú, ìbéèrè mi máa jọ ìsọkúsọ. Ṣé ẹ wà? Mo ní, ṣé ẹ lọ́mọ kan tó ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wa, ní ọjọ́ Sátidé, ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn?"

Wọ́n gbọ́ tí obìnrin náà ń sọ fún ẹnì kan pé kó dín ohùn rédíò kù.

"Mo wà o. Ọmọ mi náà wà. Hóró mẹ́fà lẹ fún un nígbà yẹn, ó sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, a ti ń sunkún. Mo padà wá, ọ̀gá yín tó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn dín in sí mẹ́rin."

Dókítà tẹ̀ síwájú. "Lẹ́yìn tó dín in sí mẹ́rin ńkọ́, mà?"

"Kò ṣubú mọ́. Títí di òní. Ó ń wa mọ́tò báyìí. Ṣebí mo padà wá sọ fún yín? Ó kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú mi."

Ìyá Fáìlì yí káàdì náà padà. Iwájú nìkan ni wọ́n ní kó tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kò tíì rí ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Ó wà níbẹ̀, ọwọ́ Oníkọ́kọ́rọ́, bírò pupa: hóró mẹ́rin, kò ṣubú mọ́. Ó fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Lábẹ́ ìlà náà ló kọ ọ́ sí pé, fún ìwé ńlá mi.

Wọ́n gbé káàdì náà yí ara wọn ká. Abẹ́rẹ́ kà á, ó wo ìka rẹ̀. Dókítà ní ẹyọ ẹnì kan ò tó, àwọn máa wá àwọn yòókù, àmọ́ àwọn lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e díẹ̀díẹ̀ lọ sí mẹ́rin láti ọ̀la. Ìyá Abẹ́rẹ́ kàn di ọmọ rẹ̀ mú, kò jẹ́ kó lọ.

"Hẹ́lò? Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Obìnrin orí fóònù kò tíì lọ. "Ọ̀gá yín sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi, ẹ máa fi ran ọmọ ẹlòmíì lọ́wọ́. Ìyẹn ni mo fi gbà kí ẹ máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mélòó lẹ ti fi ràn lọ́wọ́?"

Ìyá Fáìlì wo kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó wo ọmọ àbúrò rẹ̀.

"Ẹyọ kan, mà," ó ní. "Òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀."